Ọjà Tó Wọnú Eré: Ìtàn Ìpolówó Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ọjà tí a kò bá polówó, bó ti wù kó dára tó, orí àtẹ ni yóò jókòó sí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohùn ẹlẹ́kọ láàárọ̀, tàbí ohùn oníbọ̀ọ̀lì lọ́sàn-án. Ohun kan wà nínú ìpolówó wọn tí mo fẹ́ ká kíyè sí kí n tó lọ jìnnà: ẹni tó ń polówó kì í fara pa mọ́. Bí a bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, a ti mọ̀ pé ọjà ló ń tà, a sì mọ̀ pé owó wa ló ń wá. Ẹni tó bá wù yóò pè é, ẹni tí kò bá wù yóò jẹ́ kó máa lọ.

Fún ìgbà pípẹ́, ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n náà ń tọ ọ̀nà yìí. Wọ́n á dá eré dúró, wọ́n á polówó ọṣẹ tàbí mílíìkì, eré á sì tún máa lọ. Ṣùgbọ́n lóde òní, ọjà kò dúró de ìgbà tí eré bá sinmi mọ́. Inú eré gan-an ló ń gbé. Ife tó wà níwájú adájọ́ ìdíje orin, fóònù tí ọmọge fi ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ tí ọlọ́pàá fi ń lé olè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan ló sanwó kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ibi tó dé. Èrò mi ni pé fífi ọjà sínú eré kì í ṣe àrà tuntun. Ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n lé e jáde ní ilẹ̀kùn iwájú, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé padà wọlé. Ìdí tí wọ́n fi lé e nígbà náà ló yẹ ká mọ̀, ká tó gbà á lálejò lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí onígbọ̀wọ́ ló ni eré

Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1941 ni ìpolówó àkọ́kọ́ tí òfin fọwọ́ sí jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà. Ìlú New York ló ti ṣẹlẹ̀, kí ìdíje bésíbọ́ọ̀lù kan tó bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ aago Bulova ló ni ìpolówó náà. Ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ló gbà, owó tí wọ́n san lórí rẹ̀ kò sì ju dọ́là 9 lọ.

Ṣùgbọ́n irú ìpolówó kúkúrú yìí kọ́ ló kọ́kọ́ gbilẹ̀. Ọ̀dọ̀ rédíò ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́ṣẹ́, lórí rédíò nígbà náà, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sábà máa ń gbé bùkátà odidi ètò kan. Ní ọdún 1933, ilé iṣẹ́ Procter & Gamble tó ń ṣe ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré orí rédíò kan tó ń jẹ́ Ma Perkins ta ọṣẹ ìfọṣọ Oxydol fún àwọn ìyàwó ilé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń pe irú eré tí kì í tán bọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní eré ọlọ́ṣẹ títí di òní. Ẹ ò rí i pé orúkọ ọjà ti lẹ̀ mọ́ eré lára láti ìgbà náà.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn ènìyàn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àṣà yìí bá a lọ síbẹ̀. Ní ọdún 1948, ètò àwàdà tó gbajúmọ̀ jù lọ lórí NBC ni èyí tí Milton Berle ń ṣe. Orúkọ ètò náà ni Texaco Star Theater. Texaco ń ta epo ọkọ̀, àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó wọ aṣọ àwọn tó ń ta epo ní ilé epo Texaco ló sì ń kọrin bẹ̀rẹ̀ ètò. Láti ọdún 1949 sí 1956, ètò ìròyìn NBC ń jẹ́ Camel News Caravan, nítorí pé síga Camel ló ń gbọ̀wọ́ fún un. Olóòtú rẹ̀, John Cameron Swayze, máa ń jókòó sí ìdí tábìlì tí àwo eérú síga wà lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kò fẹ́ kí wọ́n fi ẹni tó ń mu ìkòkò tábà tàbí sìgá ńlá hàn nínú ìròyìn náà, àfi Winston Churchill nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Ìròyìn ni a ń sọ o, kì í ṣe eré. Ẹni tó ń ta síga ló ń sọ ohun tí aráyé lè rí àti ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ rí.

Ìdíje tí wọ́n ti ta kí wọ́n tó ṣe é

Ohun tó ba àṣà yìí jẹ́ ni ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn. Ní ọdún 1955, ilé iṣẹ́ Revlon tó ń ṣe ohun ẹ̀ṣọ́ obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀wọ́ fún The $64,000 Question. Gbogbo ìlú ń wò ó, ọjà Revlon sì ń tà wàràwàrà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òmíràn tó ń jẹ́ Twenty-One dé, egbòogi Geritol ló gbọ̀wọ́ fún ìyẹn. Onígbọ̀wọ́ fẹ́ kí èrò pọ̀, èrò sì máa ń pọ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn bá ń borí. Bí àwọn tó ń ṣe ètò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn kan ní ìdáhùn ṣáájú nìyẹn. Wọ́n ní kí Herbert Stempel mọ̀ọ́mọ̀ kùnà, kí Charles Van Doren, olùkọ́ yunifásítì tó rẹwà tó sì mọ̀rọ̀ọ́ sọ, lè borí rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 1959, Van Doren jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin pé òótọ́ ni, wọ́n ti fún òun ní ìdáhùn.

Ojú ti Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1960 wọ́n ṣe òfin tó sọ irú ìdíje ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì tún mú òfin le sí i pé bí ẹnikẹ́ni bá sanwó kí nǹkan lè jáde lórí afẹ́fẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ fún àwọn tó ń wò. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà gba eré wọn padà lọ́wọ́ onígbọ̀wọ́. Ọ̀nà kan ti wà nílẹ̀ tí Pat Weaver, ọ̀gá kan ní NBC, ti ń là sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950: kí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ṣe eré fúnra rẹ̀, kó sì ta àyè ìṣẹ́jú kan tàbí méjì fún oríṣiríṣi olùpolówó, bí ìwé ìròyìn ṣe ń ta ojú ewé. Ìpolówó ààrin eré tí àwa mọ̀ lónìí gbilẹ̀ láti ibẹ̀. Ìyẹn ni pé kì í ṣe nítorí ìnira wa ni wọ́n ṣe ń dá eré dúró láti polówó. Ara àtúnṣe ni. Ó pààlà sáàárín ẹni tó ń sọ ìtàn àti ẹni tó ń tajà.

Ilé ọtí tí gbogbo ọ̀rọ̀ ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà

Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ti gbìyànjú láti pa irú ààlà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin tẹlifíṣọ̀n ọdún 1954 sọ pé ìpolówó gbọ́dọ̀ yàtọ̀ gedegbe sí eré. Nígbà tí ITV bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1955, ọṣẹ ìfọyín Gibbs SR ni wọ́n kọ́kọ́ polówó. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò fi rí ihò lára ògiri. Wọ́n dá irú ètò kan sílẹ̀ tó dà bí eré, ìpolówó sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èyí tó lókìkí jù ni Jim's Inn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1957. Òṣèré Jimmy Hanley ló ṣe bí ẹni tó ni ilé ọtí abúlé kan. Àwọn oníbàárà á wọlé, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ní ju ọjà tuntun tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rà àti iye tó rà á lọ. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ Pilkington tí ìjọba yàn fi ẹjọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ sùn nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1962, ìjọba sì fòfin dè é ní 1963. Ìdí wọn kò ṣòro láti yé ni: ẹni tó ń wò ó lè má mọ ibi tí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ parí sí àti ibi tí kárà-kátà ti bẹ̀rẹ̀.

Síga kọ́ wa lọ́gbọ́n

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n mú ẹ̀rí kan ṣoṣo wá pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré, ti síga ni n ó mú wá. Ní oṣù Kìíní ọdún 1964, oníṣègùn àgbà Amẹ́ríkà gbé ìwé jáde pé síga ń fa àìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ìpolówó síga lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1965. Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ ní 1970, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 1971. Ìpolówó síga parí.

Àbí ó parí lóòótọ́? Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn kan, àwọn oníṣòwò tábà wá òmíràn. Wọ́n yíjú sí fíìmù. Nínú fíìmù James Bond tó jáde ní 1989, Licence to Kill, ilé iṣẹ́ Philip Morris san dọ́là 350,000 kí síga Lark lè fara hàn. Fíìmù náà kò ní pẹ́ dé orí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí òfin ti ní kí síga má polówó ara rẹ̀. Ó di ọdún 1998, nínú àdéhùn tí àwọn ilé iṣẹ́ tábà ńlá ṣe pẹ̀lú ìpínlẹ̀ 46 ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó gbà láti má ṣe sanwó fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọdún 27 ló wà láàárín òfin àkọ́kọ́ àti àdéhùn yìí. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti di àgbà kí àdéhùn náà tó dé. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìpolówó tí òfin lé jáde lè padà wọlé bí òṣèré, kò sì sí ẹni tí yóò bi í ní orúkọ.

Rìmóòtù ṣí ilẹ̀kùn

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọjà mìíràn, tí òfin kò lé, náà fi ń wọnú eré? Ẹ̀rọ ló fà á. Ní àwọn ọdún 1950, ilé iṣẹ́ Zenith gbé rìmóòtù jáde, ẹni tó ń wòran kò sì ní láti dìde kó tó yí ìkànnì padà nígbà ìpolówó. Ní 1975, Sony mú ẹ̀rọ Betamax dé, èyí tí a lè fi gba eré sílẹ̀ kí a wò ó nígbà tó bá wù wá, kí a sì yára fo ìpolówó kọjá. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 1984. TiVo dé ní 1999, fífo ìpolówó wá rọrùn bí ẹni mu omi.

Àwọn oníṣòwò ti rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ná. Nínú fíìmù E.T. tó jáde ní 1982, ọmọkùnrin kan fi súùtì Reese's Pieces tan àlejò ojú ọ̀run wọ ilé. Wọ́n ti kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń ṣe M&M's, wọ́n ní àwọn kò ṣe. Hershey gbà, súùtì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ sì di àwátì lórí àtẹ. Bí ọ̀rúndún tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n lo ọgbọ́n náà. Nínú Survivor, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000, àwọn tí ebi ń pa ń díje nítorí Doritos àti Mountain Dew. Nínú American Idol ní 2002, ife pupa Coca-Cola jókòó síwájú àwọn adájọ́. Ta ló fẹ́ fo ibi tí adájọ́ ti ń sọ̀rọ̀? Ibi tí ọgbọ́n náà wà nìyẹn. A lè fo ìpolówó, a kò lè fo eré tí a jókòó tì. Ó dà bí àfòmọ́ tí kò ní gbòǹgbò tirẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ gé e yóò gé igi mọ́ ọn.

Ìlú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá tó lé e ní 1963 ṣílẹ̀kùn fún un ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2011. Ẹ̀rọ kọfí Nescafé kan lórí ètò This Morning ni àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àdéhùn sí i. Lẹ́tà P gbọ́dọ̀ hàn lójú tẹlifíṣọ̀n bí eré bá bẹ̀rẹ̀, bó bá parí, àti lẹ́yìn ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Kò gbọ́dọ̀ wọnú ìròyìn, kò gbọ́dọ̀ wọnú ètò àwọn ọmọdé, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi ta síga, ọtí tàbí tẹ́tẹ́.

Nílé wa ńkọ́?

Tẹlifíṣọ̀n wa bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá WNTV sílẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn òbí àgbà wa ti wo Dúró Ládípọ̀ àti Moses Ọláìyá. Onígbọ̀wọ́ kò jìnnà sí eré wa náà. Ní 1980, NTA bẹ̀rẹ̀ eré Cock Crow at Dawn, ìtàn ìdílé kan tó fi ìlú ńlá sílẹ̀ lọ dáko. Ilé ìfowópamọ́ UBA ló gbọ̀wọ́ fún un, láti gba àwọn ènìyàn níyànjú kí wọ́n padà sóko. Mo ka èyí sí onígbọ̀wọ́ rere: orúkọ rẹ̀ hàn, ohun tó sì ń tà fún wa nínú ìtàn ni iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní àkókò tiwa, Big Brother Naija, tó kọ́kọ́ wáyé ní 2006 tó sì padà dé ní 2017, ni àpẹẹrẹ tó hàn jù lọ. Àwọn tó wà nínú ilé máa ń ṣe iṣẹ́ tí onígbọ̀wọ́ bá gbé fún wọn. Lónìí wọ́n á fi èròjà ọbẹ̀ kan dáná, lọ́la wọ́n á jó tàbí kí wọ́n ṣe eré nípa ohun mímu kan. Bí Jim's Inn ṣe rí gan-an nìyẹn, àfi pé kámẹ́rà pọ̀ jù ti ìgbà náà lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún méje. Bí ìpolówó bá dé, yóò dìde lọ mumi tàbí kó lọ da àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ rú. Bí eré bá padà, yóò sáré jókòó. Lọ́jọ́ kan, òṣèré tó fẹ́ràn jù ń mu ohun mímu kan, ó sì di agolo rẹ̀ mú kí orúkọ ara rẹ̀ lè kọjú sí wa. Mo bi í pé, "Ṣé ìpolówó nìyẹn?" Ó ní, "Bùọ̀dá, eré ni." Ní ìrọ̀lẹ́, ó lọ sí ìsọ̀ màmá wa, ó ní ohun mímu náà ni òun fẹ́. Màmá wa ń tajà, inú rẹ̀ a máa dùn bí ọjà bá tà. Síbẹ̀, òun náà sọ pé àwọn ọmọdé tó ń wá béèrè nǹkan báyìí kì í lè sọ ibi tí wọ́n ti gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n kàn mọ̀ pé ó dára ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí ló burú níbẹ̀. Wọ́n á ní eré ń gba owó púpọ̀, àti pé bí onígbọ̀wọ́ kò bá sí, òṣèré kò ní jẹun. Òótọ́ ni. Wọ́n á tún ní ilé gidi ní ọjà gidi nínú, agolo tí kò lórúkọ lára yóò jọ irọ́. Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́. N kò sọ pé kí ọjà má wọnú eré. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò gbọ́dọ̀ wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. Ohun tó mú ìtìjú bá Amẹ́ríkà ní 1959 kì í ṣe owó tí Geritol ná. Àṣírí tí wọ́n fi pa mọ́ ni.

Ìjọba wa kò ṣàì ṣe nǹkan kan. Àjọ tó ń mójú tó ìpolówó ti wà láti 1988, òfin ọdún 2022 sì sọ ọ́ di ARCON, tó gbọ́dọ̀ yẹ ìpolówó wò kó tó jáde. Ní 2024, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò kéde ìlànà tó lòdì sí fífi síga hàn nínú fíìmù àti fídíò orin lọ́nà tí yóò fi wu ènìyàn. Mo dúpẹ́ fún ìwọ̀nyí. Ohun méjì péré ni mo fẹ́ fi kún un. Àkọ́kọ́, kí àmì kan wà tí gbogbo ọmọdé Nàìjíríà yóò mọ̀, bí lẹ́tà P ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì hàn ketekete bí ọjà bá wà nínú eré. Èkejì, kí àwọn olùkọ́ wa fi bí a ṣe ń wo tẹlifíṣọ̀n kún ẹ̀kọ́ wa, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa ní bí a ṣe ń ka ìwé. Ẹ̀yin òbí náà lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Bí agolo kan bá kọjú sí kámẹ́rà jù, ẹ bi àwọn ọmọ yín pé ta ló gbé e síbẹ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí mo wò nínú àròkọ yìí fi hàn pé gbogbo ìgbà tí ọjà bá fara pa mọ́ sínú ìtàn, ẹnì kan ló ń san owó rẹ̀ láìmọ̀: àwọn tó gbàgbọ́ nínú ìdíje tí wọ́n ti ta, àti àwọn ọmọ tó rí síga lẹ́nu akọni. Ẹlẹ́kọ tó ń polówó lójú pópó bọ̀wọ̀ fún wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó pe orúkọ ọjà rẹ̀ sókè, ó sì jẹ́ kí àwa fúnra wa yàn.